Èjìká tí kò dunni mọ́: àkọsílẹ̀ oṣù 14 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

"Kóòṣì, èjìká yìí ò dùn mí mọ́. Kí lo tún ń dúró dè?"

Ọ̀sẹ̀ 9 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èjìká ni bùrọ̀dá kan tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé irin bi mí léèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró síwájú dígí, ó na apá ọ̀tún síwájú, apá náà sì gòkè dé ọ̀gangan ojú láìjẹ́ pé ọwọ́ òsì ń tì í. Ó rẹ́rìn-ín. Inú èmi náà dùn, mo sì yìn ín gan-an. Mo dárúkọ ìyìn yẹn níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 3 lẹ́yìn náà, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé irin. Èmi kì í ṣe dókítà. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ló ń darí ìtọ́jú apá náà, oníṣẹ́ abẹ ló ń sọ ohun tí apá lè gbà, èmi ni mo wà nídìí irin. Bùrọ̀dá gbà kí n kọ ìtàn rẹ̀, tí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ.

Bí iṣan ṣe já

Ẹni ọdún 44 ni nígbà náà, ó sì ti ń gbé irin fún ọdún 11. Lórí bench press, níbi tí èèyàn ti ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ti ọ̀pá irin sókè, 110 kg ló máa ń tì lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó sinmi. Fún nǹkan bí oṣù 8 ṣáájú ni èjìká ti ń kìlọ̀. Kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Tó bá ń gbé apá sókè láti ẹ̀gbẹ́, ibì kan wà lágbedeméjì tí yóò ta á bí ẹní fi abẹ́rẹ́ gún un. Tí apá bá ti kọjá ibẹ̀, ìrora náà á lọ. Ó ń lo oògùn ìrora, ó ń fi àkókò púpọ̀ sí i mú ara gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbé irin la ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ti 60 kg sókè orí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ń tì í lọ tí nǹkan fi ya nínú èjìká. Ó ní ṣe ló dún bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ gbígbó ya. Ó sọ irin sílẹ̀, ó sì fẹ́ gbé apá, apá ò gbà. Lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n bá a gbé apá náà dé ọ̀gangan èjìká, wọ́n ní kó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, apá já wálẹ̀, ó gbá a nítan. Ó sọ fún mi pé ohun tó ba òun lẹ́rù jù nìyẹn, ju ìrora lọ: kí apá ẹni má gbọ́ tẹni mọ́.

Kò sí oríkèé nínú ara tó ń yí tó èjìká. Ohun tó fi ń yí bẹ́ẹ̀ náà ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́: orí egungun apá tóbi, kòtò tó jókòó sí kò sì jìn rárá. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká tí wọ́n ń fà á mọ́ kòtò kó má baà yẹ̀: supraspinatus, infraspinatus, teres minor àti subscapularis. Àpapọ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní rotator cuff. Wọn kì í hàn nínú dígí, kò sì sẹ́ni tó ń wá sí jíìmù nítorí wọn. Ṣùgbọ́n tí iṣan ńlá tó bo èjìká bá ń fa apá sókè, àwọn mẹ́rin yìí ni kì í jẹ́ kí orí egungun gun òkè lọ kọlu egungun tó wà lókè rẹ̀. Abẹ́ egungun òkè yẹn ni supraspinatus gbà kọjá. Àyè ibẹ̀ há, tí èèyàn bá sì ti lé ní ẹni 40 ọdún, ìdí iṣan náà, níbi tó ti so mọ́ egungun, lè ti máa gbó díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe 60 kg ọjọ́ yẹn nìkan ló já a. Oṣù 8 tí a kò fi gbọ́ ìkìlọ̀ ló ti fa á tẹ́ẹ́rẹ́.

Àwòrán MRI, tí ẹ̀rọ fi ń ya inú ara, fi hàn pé supraspinatus ti já kúrò lára egungun pátápátá, ó sì ti sún sẹ́yìn tó 2 cm. Oníṣẹ́ abẹ ò fẹ́ kó pẹ́, torí iṣan tó bá já báyìí tí wọ́n fi sílẹ̀ a máa sún sẹ́yìn sí i, ẹran rẹ̀ a máa gbẹ, ọ̀rá a sì máa gba ipò ẹran náà. Ọ̀rá yẹn kì í sábà kúrò mọ́, wọn ì báà tún iṣan náà so. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ṣe é. Ihò kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n dá sí èjìká, wọ́n fi kámẹ́rà wọlé, wọ́n kan nǹkan bí ìṣó kékeré méjì mọ́ egungun, wọ́n sì fi òwú tó wà lára ìṣó náà fa iṣan padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí apá fi wà lọ́rùn

Físíò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé bùrọ̀dá lọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Òwú ló dì í mú báyìí o. Ara kò tíì dì í mú."

Gbogbo ohun tó kù dá lórí gbólóhùn yẹn. Iṣan tí wọ́n so mọ́ egungun máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó di egungun mú débi tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í dẹrù díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ń le sí i fún oṣù púpọ̀. Bó ti wù kó rí, àpá ló ń so ó, kì í ṣe irú ìsopọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ ọn. Sìgá àti àtọ̀gbẹ a máa fà á sẹ́yìn. A dúpẹ́ pé bùrọ̀dá ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni apá fi wà nínú aṣọ tó gbé e kọ́ ọrùn, tọ̀sán-tòru. Kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Àga tó rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ló ń sùn lé, ìrọ̀rí lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Lóòjọ́, ó ń ṣí ìka, ó ń pa á, ó ń yí ọrùn ọwọ́, ó ń na ìgbọ̀nwọ́. Físíò nìkan ló ń gbé èjìká fúnra rẹ̀, bùrọ̀dá á sì jẹ́ kí apá kú sí i lọ́wọ́.

Èmi ní tèmi ò fẹ́ kó jókòó sílé. Ìyókù ara ò já. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ ti gbà bẹ́ẹ̀, ó ń wa kẹ̀kẹ́ tí kì í rìn láìdi ọwọ́ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ ti irin lórí ẹ̀rọ, ó sì ń fi apá òsì fa irin. Mi ò jẹ́ kó gbé ọ̀pá lé ẹ̀yìn ọrùn láti fi lóṣòó, torí pé láti di ọ̀pá mú níbẹ̀, èjìká gbọ́dọ̀ yí síta, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni wọ́n ní kó má ṣe. Àǹfààní kan wà nínú iṣẹ́ apá òsì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: tí apá kan bá wà ní dídè, tí èkejì ń ṣiṣẹ́ agbára, èyí tó wà ní dídè kì í pàdánù okun tó bí ìgbà tí méjèèjì bá jókòó. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún iṣan ni kì í jẹ́ kó sùn pátá.

Síbẹ̀ apá náà rù. Lọ́jọ́ tí aṣọ kúrò lọ́rùn, mo fi téèpù wọn òkè apá rẹ̀: 35 cm ni ọ̀tún, 38 cm ni òsì. Ó wo téèpù náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ tí ọwọ́ kọ́kọ́ lọ

Láti ọ̀sẹ̀ 7 dé 9, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, òsì á máa ti ọ̀tún sókè. Á tún máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ń ṣọ́ jù ni bí èjìká ṣe ń sún mọ́ etí. Tí iṣan inú ò bá tíì lágbára, iṣan ọrùn á gba iṣẹ́ náà ṣe, èèyàn á rò pé apá ti ń gòkè, kò mọ̀ pé èjìká lódindi ló ń gbé. Ìdí tí a fi ń lo dígí nìyẹn.

Ìrora ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà yẹn, ó sì wá bi mí ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká dúró di ọ̀sẹ̀ 12." Mi ò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Mo ti yìn ín tán, ìyìn ni etí rẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ kẹta, ó ti dé jíìmù ṣáájú mi. Ẹnì kan ti gbàgbé àwo irin 20 kg kan sórí ọ̀pá, ó sì wà lọ́nà rẹ̀. Bùrọ̀dá na ọwọ́ méjèèjì, ó fà á yọ ní ọ̀gangan àyà, ó yí ara láti gbé e sílẹ̀. Èjìká dún pó. Nígbà tí mo wọlé, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ òsì di ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mú, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Mi ò ronú rárá," ló ń sọ. "Kóòṣì, mi ò ronú. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ lọ."

Mo gbà á gbọ́. Ọdún 11 lọwọ́ yẹn ti fi ń yọ àwo irin lára ọ̀pá; kò dúró gba àṣẹ kó tó lọ. Mo mọ ìwà yẹn, mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan láti dínà rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ẹ̀rọ skáànù wo èjìká náà. Ìsopọ̀ ṣì dúró. Ó wú, omi ti kún àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ò kúrò lára egungun. Apá padà sínú aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan, físíò sì sún gbogbo ètò síwájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà náà ni físíò wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n ti sọ. Ìrora ń lọ nítorí pé wíwú ń lọ. Ìyẹn ò kan bí iṣan ṣe di egungun mú tó. Kódà, àwọn kan wà tí ibi tí wọ́n ran tún ti já, tí nǹkan kan ò dùn wọ́n, àfi nígbà tí àwòrán bá fi hàn. Nítorí náà, ìgbà tó léwu jù fún ẹni tó mọ irin gbé ni ìgbà tí ara bá ti dùn ún, tí ọ̀sẹ̀ ò sì tíì pé. Ẹni tó ń rora á ṣọ́ apá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò rora, àfi ká bá a ṣọ́ ọ.

Mo so rọ́bà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ní, "Bùrọ̀dá, nígbàkigbà tí ọwọ́ bá fẹ́ lọ, ojú yín á kọ́kọ́ rí èyí." Kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mo rí i bí ọwọ́ ṣe ń nà tán tí á sì dúró lójú ọ̀nà.

Kìló kan

Ọ̀sẹ̀ 15 ni iṣẹ́ agbára bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dúró ti ògiri, ìgbọ̀nwọ́ ní kíká, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìjẹ́ kí apá sún. Lẹ́yìn náà, rọ́bà tí a fi ń ṣe eré ìdárayá. A ká táwẹ̀lì kékeré sí abẹ́ apá kí ìgbọ̀nwọ́ má baà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá máa fa rọ́bà síta, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní pẹ̀lẹ́. Táwẹ̀lì bá jábọ́, kò kà.

Ọ̀sẹ̀ 18, mo fún un ní dumbbell, irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé, kìló kan. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ òsì, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún lórí ìhà, á yí ọwọ́ náà sókè, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní kíka mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn yọ níwájú orí ọkùnrin tó ti ti 110 kg rí. Ọmọkùnrin kan wà nítòsí tó ń wò, bùrọ̀dá sì rí i pé ó ń wò. Ó parí rẹ̀ dé 12. Nínú gbogbo oṣù 14 yìí, ọjọ́ yẹn ni mo bọ̀wọ̀ fún un jù.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ kó tó gbé kìló kan yẹn. Lójú tèmi, ó ń fi sọ fún ọwọ́ rẹ̀ ni.

Láti oṣù 5, ó ń ti ara kúrò lára ògiri, lẹ́yìn náà lára tábìlì gíga, lẹ́yìn náà lórí bẹ́ǹṣì. Dumbbell kìló mẹ́rin-mẹ́rin la fi bẹ̀rẹ̀ títì ní ìdùbúlẹ̀, ilẹ̀ sì ló dùbúlẹ̀ sí, kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Mo fẹ́ràn ilẹ̀ fún irú èjìká yìí. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Kò lè lọ sẹ́yìn ara, níbi tí iṣan tí wọ́n ran á ti máa fà jù. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síra.

A fẹnu kò lórí òfin kan, a sì pa á mọ́ títí dòní. Ká ní òdo ni àìsí ìrora, tí 10 sì jẹ́ èyí tó le jù tó lè rò, ìrora ò gbọdọ̀ kọjá 3 nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti lọ nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Tí kò bá lọ, tàbí tó jí i lóru, a ó dín irin kù lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, a ò ní jiyàn lé e. Fún gbogbo títì kan, fífà méjì.

Ọ̀pá

Oníṣẹ́ abẹ gbà á láyè láti padà sídìí ọ̀pá ní oṣù 7. Ọ̀pá lásán, 20 kg, kò sí àwo kankan lára rẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ lọ tààrà sí ibi tó ti mọ̀ láti ọdún 11, níta lọ́hùn-ún, lórí àmì òrùka tó wà lára ọ̀pá. Ó rí rọ́bà pupa. Ó fà wọ́n wọlé, títí wọ́n fi kọjá fífẹ̀ èjìká díẹ̀ péré. Mo ti sọ fún un pé bí ọwọ́ bá ṣe fẹ̀ tó lórí ọ̀pá ni ẹrù ṣe ń pọ̀ tó lórí èjìká, àti pé ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìhà, kó má nà síta bí ìyẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àyà, ó tì í padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nígbà tó dìde jókòó, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ là ń fi kún un. Ibi tí a ti há ni 50 kg. Ọ̀pá ń dagun. Mo ya fídíò láti ìdí bẹ́ǹṣì, a sì rí i kedere pé apá òsì ló ń gbé, ọ̀tún kàn ń tẹ̀ lé e. Mo rò pé àìlágbára ni. Físíò fi ẹ̀rọ wọn agbára èjìká méjèèjì, ó sì rí i pé ọ̀tún ti tó nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti òsì, ó sì lè gbé ju ohun tó ń gbé lọ. Ẹ̀rù ni. Ara ti gbàgbé, ọkàn ò gbàgbé bí apá ṣe já wálẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn.

A ò fi kún irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kó máa dá ọ̀pá dúró lórí àyà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó tì í, nítorí níbẹ̀ ni kò ti sí ibi tí apá kan lè sá sí. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀pá gòkè lọ gbọọrọ.

Títì sókè orí ní tààrà la fi sílẹ̀ pẹ́ jù. A fi ìdí ọ̀pá kan sí igun ògiri, ó ń fi ọwọ́ kan ti orí kejì síwájú àti sókè, kí apá má baà dúró ṣánṣán lórí. Títì láti ẹ̀yìn ọrùn, a fi í sílẹ̀ pátá. Rírẹ ara sílẹ̀ láàárín ọ̀pá méjì náà bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń fún èèyàn tí ohun mìíràn ò lè fún un.

Ó pé oṣù 14 báyìí. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Apá rẹ̀ ń dé òkè orí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fi ìwọ̀n ìka méjì kù sí ti òsì. Lórí bench press, 90 kg ló ń tì lẹ́ẹ̀marùn-ún, láìsí ìrora. Ó bi oníṣẹ́ abẹ nípa 110. Oníṣẹ́ abẹ ò kọ̀, ó ní iṣan náà so dáadáa, ṣùgbọ́n pé ewu rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, kí ó pinnu fúnra rẹ̀. Bùrọ̀dá bi èmi náà, mo ní tó bá jẹ́ èjìká tèmi ni, mi ò ní wá 110 lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti 90 kg tán, agbára sì ṣì kù lára rẹ̀. Mo rí i tó ń wo àwo irin 10 kg méjì tó wà nílẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀pá náà, ó ń fi ọwọ́ òsì yọ àwo kọ̀ọ̀kan, rọ́bà pupa ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ọjọ́rú ńkọ́, Kóòṣì?"

"Bùrọ̀dá, fífà la máa ṣe lỌ́jọ́rú."

"Ó dáa."